Pákó Ń Dún, Ọlọ́hun Ń Gbọ́



Àwọn àgbà a máa sọ pé a-mọ̀ọ́kùn-jalè, bí ọba ayé kò rí i, ti ọ̀run ń wò ó. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti fi ṣe wáásì lọ́pọ̀ ìgbà níwájú àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìlú òkèèrè, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí, ni òwe náà ti wá bá èmi fúnra mi wí. Ohun tí ojú mi rí ní ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáánì, nínú ààfin kan àti nínú ọjà kan, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ni mo fẹ́ rò fún yín.

Àbúrò mi ọkùnrin, èyí tí ìyá wa fi ṣe àbígbẹ̀yìn, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú náà. Ó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kí n tó lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Kí n má purọ́ fún yín, ìbẹ̀wò nìkan kọ́ ni mo bá lọ. Mo fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Bàbá wa ti jáde láyé, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní kéú láti ìgbà tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹ̀rù ń bà mí pé kí ilẹ̀ tí Mùsùlùmí kò ti pọ̀ má ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́. Nítorí náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, tí n ó máa kìlọ̀ fún un nípa ẹlẹ́dẹ̀, nípa ọtí, nípa ìrun kíkí àti nípa irú ọ̀rẹ́ tí ó ń yàn. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó dákẹ́. Èsì tirẹ̀ kì í ju gbólóhùn kan lọ: "Mo ti gbọ́, Bọ̀dá mi, ẹ ṣé."

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, lẹ́yìn tí a kírun Ìṣái tán, ó mú ìwé pélébé kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ̀wé ní ilẹ̀ náà ló kún inú rẹ̀, ó sì kọ ìtumọ̀ wọn ní èdè wa sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bọ̀dá mi, bí ẹ ó bá jáde lọ́la, àmì ọtí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀kán omi mẹ́ta ló wà lápá òsì, ìkòkò ọtí ló wà lápá ọ̀tún. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí i, kí ẹ dúró."

Ó tún ṣàlàyé fún mi pé ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ni ó ń fún Mùsùlùmí ní wàhálà jù níbẹ̀, nítorí pé ẹran ni, ojú sì rí i. Ohun tí ó fara pamọ́ ló le. Ọtí ìrẹsì wà tí wọ́n ń fi sè oúnjẹ. Òmíràn tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ mirin, tí ó ń dùn bí oyin tí a pò mọ́ omi. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é, ọtí inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 14 nínú 100. Òun ni àwọn alásè fi ń mú kí ẹja máa dán, kí ẹyin dídín dùn, kí omi ọbẹ̀ ní adùn. Ènìyàn lè rí ẹja nínú àwo kí ó rò pé ẹja lásán ni. Mo mi orí, mo wo àmì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì wọ̀ mí lọ́pọlọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ẹ̀rí tí yóò ta kò mí bí ìtàn yìí ti ń lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ sí ààfin olódi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nijo. Omi ni a kọ́kọ́ rí. Yàrà gbígbòòrò ni wọ́n gbẹ́ yí odi náà ká, tí omi sì kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ìlú wa àtijọ́ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tí yàrà wà fún. Òkúta ńláńlá ni wọ́n fi mọ odi náà, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn láìlo sìmẹ́ǹtì, ó sì dúró digbí. Nígbà tí a wọ inú, a tún bá yàrà kejì, èyí tí ó yí ààfin ti àárín ká. Mo sọ fún àbúrò mi pé, "Ẹni tí ó kọ́ ilé yìí kò fẹ́ràn àlejò." Ó rẹ́rìn-ín.

Tokugawa Ieyasu ló kọ́ ọ ní ọdún 1603. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi í joyè Shogun. Bí a bá fẹ́ kí oyè yìí yé wa, ẹ jẹ́ kí a pè é ní Balógun àgbà. Ọba wà ní Kyoto, ó ní ìtẹ́, ó sì ní ààfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Balógun yìí ni idà àti àṣẹ wà. Ìlú Edo, èyí tí ó di Tokyo, ni Balógun fi ṣe ibùjókòó. Nijo ni ilé tí yóò máa dé sí bí ó bá wá sí Kyoto, kí ọba àti gbogbo ìjòyè sì lè fi ojú ara wọn rí ẹni tí ó ni agbára. Iemitsu tí í ṣe ọmọ ọmọ rẹ̀ ló tún un ṣe tí ó fi parí ní 1626, ọdún tí ọba fúnra rẹ̀ wá ṣe àlejò níbẹ̀. Ilé ìṣọ́ gogoro kan wà nínú odi náà nígbà kan, àrá sán pa á ní 1750, iná sì jó o. Wọn kò tún un kọ́ mọ́ títí di òní. Ní ọdún 1994 ni àjọ UNESCO fi ààfin náà kún àwọn ohun ìní gbogbo ayé.

A bọ́ bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ó fẹ́ wọ mọ́sáláásí. Ilé mẹ́fà ló so mọ́ra wọn nínú ààfin Ninomaru tí a wọ̀, yàrá inú wọn jẹ́ 33, ẹní koríko tí wọ́n tẹ́ sí wọn sì lé ní 800. Nínú yàrá tí àlejò ti kọ́kọ́ ń dúró, wọ́n fi àwọ̀ wúrà kun ògiri, wọ́n sì ya ẹkùn sí i. Ẹkùn kan ń mu omi, òmíràn ń wò bí ẹni pé ó fẹ́ fò mọ́ ènìyàn. Kò sí ẹkùn nínú igbó ilẹ̀ Jàpáánì. Awọ ẹkùn àti àwòrán tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ni àwọn ayàwòrán ń wò. Wọ́n tilẹ̀ rò pé ẹkùn alámì tótòtó ni abo ẹkùn abilà, ni wọ́n bá ya àwọn méjèèjì pọ̀ bí ọkọ àti aya. Ìjòyè tí ó bá ti jókòó láàárín àwọn ẹkùn wọ̀nyí fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó pè é wọlé, ọkàn rẹ̀ yóò ti rọ̀ kí ó tó dé iwájú Balógun.

Nínú gbọ̀ngàn ńlá, ibi tí Balógun ń jókòó sí ga ju ibi tí àwọn ìjòyè ń dọ̀bálẹ̀ sí lọ. Wọ́n fi ère ènìyàn tí a wọ̀ láṣọ ṣe àpẹẹrẹ bí ó ti máa ń rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀ ni ilẹ̀kùn kan wà tí a so òwú pupa aláràbarà mọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fara pamọ́ sí pẹ̀lú idà, kí wọ́n lè jáde bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ sókè.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù kò sí lára ògiri. Abẹ́ ẹsẹ̀ wa ni ó wà. Bí a ti ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pákó tí a ń tẹ̀ ń ké fín-ín, fín-ín, fín-ín. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹyẹ ti há sínú àjà. Mo dúró, ohùn náà dúró. Mo gbé ẹsẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà ní ilẹ̀ náà tí ń jẹ́ uguisu, tí ó máa ń kọrin nígbà tí òtútù bá ń lọ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe pákó yìí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nítorí ọ̀tá ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, kí apànìyàn tí ó bá yọ́ wọlé lóru má lè dé ibi tí Balógun sùn láìjẹ́ pé pákó kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ sọ pé irin tí ó gbá pákó mú àti ìṣó tí a fi kàn án ni wọ́n ń ra ara wọn, tí ó fi ń dún bẹ́ẹ̀. Àlàyé kan tilẹ̀ wà pé kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, pé ìlò àti ọjọ́ orí ló jẹ́ kí ìṣó náà tú tí ó fi ń ké.

Mo gbìyànjú láti tàn án. Mo yọ́ ẹsẹ̀ bí ológbò, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan rìn, mo sì rìn létí ògiri. Pákó kò gbà. Bí mo ti rọra tó ni ó ń ké tó. Ọmọdé kan tí òun àti ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rí mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú díẹ̀ mú mi, àgbàlagbà onífìlà tí ń yọ́ rìn bí olè nínú ilé onílé.

Mo ronú púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ààfin yìí bí a ti jókòó sínú ọgbà rẹ̀ láàárín igi tí ewé wọn ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Yàrà méjì, odi òkúta, ẹkùn lára ògiri, ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pákó tí ń ké: gbogbo rẹ̀ nítorí pé ẹni tí ó ní agbára jù ni ẹ̀rù ń bà jù. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí Iemitsu wá síbẹ̀ ní 1634, ọdún 229 ló kọjá kí Balógun mìíràn tó tẹ ẹsẹ̀ sí Kyoto, ní 1863. Ìran dé ìran ń ṣọ́ ilé tí onílé kò sí nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí, ní 1867, nínú ààfin yìí kan náà, ni Tokugawa Yoshinobu, Balógun kẹẹ̀ẹ́dógún nínú ìdílé wọn, pe àwọn aṣojú ìjòyè jọ tí ó sì sọ fún wọn pé òun ń dá àṣẹ padà fún ọba. Ọ̀tá kan kò gba orí pákó wọlé. Àkókò ló wọlé, pákó kò sì ké. Ọlọ́hun nìkan ni ìjọba Rẹ̀ kì í tán.

Láti ibẹ̀ a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Nishiki, ó sì gbà wá ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ má ṣe rò pé ọjà gbàgede ni. Òpópónà tóóró kan ni, tí kò fẹ̀ ju mítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ, tí gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 390 mítà. Wọ́n fi òrùlé aláwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìsọ̀ tí ó wà lọ́tùn-ún lósì sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ilé ìdáná Kyoto ni àwọn ará ìlú ń pè é. Ní 1615 ni ìjọba Balógun fún un ní àṣẹ láti máa ta ẹja, ṣùgbọ́n ọjà ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Omi tútù tí ń sun lábẹ́ ilẹ̀ ló fa ọjà náà síbẹ̀. Kyoto jìnnà sí òkun; nígbà tí kò sí ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, omi kànga ni àwọn ẹlẹ́ja ń lò kí ẹja má baà bàjẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ná ọjà, ǹ bá fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀. Mo rí gbòǹgbò funfun àti ìgbá aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n rì sínú agbada èèrí ìrẹsì àti iyọ̀, tí orí wọn nìkan yọ síta. Mo rí wàrà ẹ̀wà sóyà tí ó funfun báláú nínú omi. Mo rí ẹja kan tí wọ́n yan, tí wọ́n sì sá títí ó fi le bí igi. Irin tí ó jọ ti gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n fi ń fá a, ìfáàfá rẹ̀ ni wọ́n sì ń bọ̀ pẹ̀lú ewé inú òkun láti fi ṣe omi ọbẹ̀. Mo rí ẹran omi ọlọ́wọ́ mẹ́jọ kéékèèké tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n sì ki ẹyin àparò sí lórí. Ìsọ̀ ọlọ́bẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aritsugu, tí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti ń rọ irin láti 1560; idà ni wọ́n kọ́kọ́ ń rọ, kí ó tó di ọ̀bẹ ilé ìdáná. Kò sí ẹni tí ń pariwo pe oníbàárà, kò sì sí ẹni tí ń fa aṣọ ẹni. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa jẹun bí ó ti ń rìn. Ibi tí o bá ti rà á ni kí o ti jẹ ẹ́.

Àbúrò mi sọ ìtàn ọkùnrin kan fún mi bí a ti ń lọ. Ito Jakuchu ni orúkọ rẹ̀, inú ìdílé alátà ẹ̀fọ́ ní ọjà yìí ni wọ́n bí i sí ní 1716. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ẹni ogójì ọdún, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó sì ń ya àwòrán àkùkọ, ẹja àti ẹ̀fọ́, títí ó fi di olókìkí ní gbogbo ilẹ̀ Jàpáánì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ọjà náà pa ní àwọn ọdún 1770, ó gbé àwòrán tì, ó sì ń lọ sókè sódò lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi jẹ́ kí ọjà máa ná. Mo sọ pé ẹni tí ó bá ti ní orúkọ, tí kò gbàgbé ibi tí ó ti jẹun dàgbà, ọmọlúàbí ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà ni mo dé yìí. Àbúrò mi ní kí n dúró díẹ̀, òun fẹ́ lọ ra tíì fún olùkọ́ òun ní ìsọ̀ kan lẹ́yìn wa. Mo dúró. Ebi sì ti ń pa mí, nítorí pé àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ kan ni mo jẹ láàárọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn kan wá bá mi. Ìyá àgbà kan ń yan ẹja gígùn kan tí ó rí bí ejò lórí ẹyín iná. Ẹja ni, kì í ṣe ejò, hàlálì sì ni. Ó ń rì í bọ inú ọbẹ̀ dúdú kan, ó ń dá a padà sórí iná, ọbẹ̀ náà ń hó, ó ń dán, ó ń ta sánsán. Itọ́ kún mi lẹ́nu.

Mo súnmọ́ ọn. Ìgbà náà ni mo rí ìgò gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Àmì wà lára rẹ̀. Ẹ̀kán omi mẹ́ta lápá òsì, ìkòkò lápá ọ̀tún.

Ẹ̀yin ará mi, mo rí i. N kò lè sọ fún yín pé n kò rí i. Ṣùgbọ́n mo yí ojú mi kúrò lára ìgò náà kíákíá, bí ẹni tí ó rí onígbèsè rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkàn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi rojọ́. Ó ní, bóyá ìgò náà kì í ṣe ti ọbẹ̀ yìí. Ó ní, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ òun ni, iná ti jó ọtí inú rẹ̀ dànù. Ó ní, o kò gbọ́ èdè wọn, ta ni yóò dá ọ lẹ́bi? Lákòótán, ó sọ èyí tí ó burú jù: ó ní, ta ni ó mọ̀ ọ́ níbí? Èmi tí mo ti ń fi ogún ìṣẹ́jú kìlọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo na ìka sí ẹja náà, tí mo sì mú owó jáde.

Ìyá náà gbé ẹja kan, ó ti fẹ́ fi ewé dì í. Ó wá gbé ojú sókè, ó wo fìlà mi, ó wo irùngbọ̀n mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó bi mí pé, "Musurimu?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ẹja náà padà sórí iná. Ó gbé ìgò yẹn wá síwájú mi, ó fi ìka kàn án, ó fi ìka kan ìkòkò ọbẹ̀ dúdú náà, ó sì sọ pé, "Arukōru." Kò sí ẹni tí ó nílò ògbufọ̀ fún èyí. Ó wá gbé apá rẹ̀ méjèèjì kọjá ara wọn níwájú àyà, bí àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà ló tẹ orí ba fún mi, bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀ mí.

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Owó ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹja yẹn kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú ohun tí ó wọ́n níwọ̀nba. Bí ó bá gbà á, n kò ní padà wá bá a jà láéláé. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó tún mú ẹja kékeré mìíràn tí iyọ̀ nìkan wà lára rẹ̀, ó fi iyọ̀ náà hàn mí nínú àwo, ó yan án lórí irin ọ̀tọ̀, ó sì gbé àpótí ìjókòó kékeré kan fún mi kí n jókòó jẹ ẹ́. Mo ṣe Bísímílà. Ẹja náà dùn, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi láti gbé mì.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bí mo ti jókòó níbẹ̀, ìtàn tí mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ kéú ló sọ sí mi lọ́kàn. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń ta oúnjẹ lọ́jà. Ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ náà, ó sì bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní tútù. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó bá ń tan ènìyàn kò sí lára wa. Ìyá tí ó wà níwájú mi yìí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ó fi èyí tí ó tutù sókè fún mi kí n rí i. Èmi tí mo mọ ìtàn náà sórí ni mo fẹ́ fi tèmi sísàlẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi dé, n kò sọ nǹkan kan. A rìn lọ sí ìpẹ̀kun ọjà, a kọjá afárá, a sì sọ̀kalẹ̀ sí etí odò Kamo láti kí Àyìlà. A fi omi tí a gbé dání ṣe àlùwàlá. Mo kọjú sí ibi tí mo rò pé ó yẹ, àbúrò mi sì fi ọwọ́ yí mi padà jẹ́jẹ́. Ẹ wò ó, láti ọjọ́ tí a ti dáyé ni a ti ń sọ nílé pé kí á kọjú sí gábàsì, ìlà-oòrùn náà sì ni gábàsì wa. Ní Kyoto, ìwọ̀-oòrùn ni Mẹ́kà wà. Mo kọjú sí ibi tí a máa ń kọ ẹ̀yìn sí nílé. Ó wá yé mi pé bí èmi ti ń kọjú sí ìwọ̀-oòrùn yìí, tí àwọn ará ilé ń kọjú sí ìlà-oòrùn, ojú wa ń bọ̀ wá pàdé níbì kan náà. Kò sí ibi tí mo lè sá lọ tí ilé Rẹ̀ kò ní wà níwájú mi.

Mo kí rákà méjì tí ó tọ́ sí arìnrìn-àjò, àbúrò mi sì dìde parí tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ó sálámà, mo sọ fún un. Mo sọ ti ẹja, mo sọ ti ìgò, mo sì sọ pé mo rí àmì náà kí n tó mú owó jáde. Ó ṣòro fún mi ju bí mo ti lè kọ ọ́ síbí lọ, nítorí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi náà sì ni olùkọ́.

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí. Ó wo odò fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ pé, "Bọ̀dá mi, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Oṣù kejì tí mo dé ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi se àsè kí mi káàbọ̀, ojú sì ń tì mí láti máa bèèrè ohun tí ó wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ ẹ́. Nígbà tí mo délé ni mo tó bèèrè. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kobe, mo jókòó sínú mọ́sáláásí tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1935, èyí tí bọ́ǹbù ogun 1945 kò wó, tí ìmìtìtì ilẹ̀ 1995 kò sì wó. Mo sunkún níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo padà dé ni mo ra ìwé pélébé yẹn."

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ẹ máa bínú sí mi. Ohùn yín tí ó wà lórí fóònù kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbogbo ohun tí mo rí ní Kyoto, gbólóhùn yìí ni mo gbé bọ̀ wálé. Mo ti mọ odi yí ọmọ ìyá mi ká. Mo ti gbẹ́ yàrà, mo ti ya ẹkùn sára ògiri, mo ti fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rò pé ẹ̀sìn rẹ̀ ni mo ń ṣọ́. Kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá wá bá mi nígbà tí ó ṣubú tí ó ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Ọlọ́hun ló gbé e dìde, láìjẹ́ pé mo gbọ́.

Pákó Nijo ń ròyìn ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ pé ogbó ló mú un ké. Súrà Sílísálà ti kọ́ wa pé ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí náà yóò sọ ìròyìn rẹ̀ ní ọjọ́ kan, nítorí pé Olúwa rẹ̀ ni yóò pàṣẹ fún un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin yóò sọ tirẹ̀, ìsọ̀ ẹlẹ́ja nínú ọjà Nishiki yóò sọ tirẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́hun kí èyí tí yóò sọ nípa mi lẹ́yìn ọjọ́ náà dára ju èyí tí ó ti rí lọ.

Mo ṣì ń fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ mọ́. Mo máa ń bi í pé, "Báwo ni ara? Báwo ni ọkàn?" Lẹ́yìn náà n ó dákẹ́, kí òun náà lè sọ̀rọ̀. Èsì rẹ̀ ti ń gùn sí i.

Kí Ọlọ́hun bò wá ní àṣírí, kí Ó fún wa ní ìbẹ̀rù Rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, kí Ó sì san ẹ̀san rere fún ìyá àgbà tí ó kọ owó mi nítorí òtítọ́, kí Ó fi í mọ̀nà. Àmín.